Mo mú ọmọ mi lọ wo sítéṣọ̀n rélùwéè Ọ̀fà: kí ló dé tí irin kan fi di méjì níbẹ̀?

Àlàbí_GáàÀkànbí (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), Ọjọ́ Ajé, aago 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí lè má tó nǹkan lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n láti Sátidé ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rí àwòrán ọkọ̀ ojú irin nínú ìwé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ibi tó ti ń dúró. Mo ní kò burú, ti Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Ó ní rárá, ìyá òun ti mú òun kọjá níbẹ̀ rí, "èyí tó kéré" lòun fẹ́. Ẹ gbà mí! Ni mo bá rántí Ọ̀fà, torí ìyá tó bí ìyá mi kì í yé sọ pé ibẹ̀ lòun ti wọ rélùwéè lọ sí Èkó nígbà tí òun wà ní wúńdíá. A wọ mọ́tò ní Gárééjì Ọ̀fà, a gba Gànmọ̀, Ìdófìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo, a dé Ọ̀fà kí oòrùn tó mú. Máárúwá ló gbé wa débẹ̀. "Rélùwéè" la sọ fún un, kò béèrè ọ̀rọ̀ kejì.

Kí ni mo bá níbẹ̀? Igi dóńgóyárò tó ṣíji bo ilé kékeré kan. Pèpéle símẹ́ńtì gígùn, obìnrin kan sá èlùbọ́ sí ìkángun rẹ̀ kan, ewúrẹ́ mẹ́rin sùn sí ìkángun kejì. Bẹ́ǹṣì onípákó kan wà tí ìdí àwọn èèyàn ti fọ̀ dán bí orí apárí. Fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí inú. Ọkọ̀ kankan kò wá lọ́jọ́ náà, a ò sì retí rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí wa dáadáa, ó ní kí a rìn bó ṣe wù wá, ṣùgbọ́n kí a máa wo ọ̀tún wo òsì.

Ibẹ̀ ni ọmọ yìí ti já mi. Ó rìn jáde sí ìta díẹ̀, ó padà wá, ó ní: "Dádì, lọ́hùn-ún, irin ọ̀nà kan ni. Níbí, ó di méjì. Níwájú, ó tún padà di ọ̀kan. Kí ló dé?" Mo ní bóyá wọ́n fi ìkejì pamọ́ fún ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, bí ẹni tó ní bàtà méjì. Ẹ wo ojú tí ọmọ fi wò mí! Bí èèyàn ṣe ń wo oníṣòwò tó yí òṣùwọ̀n.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ sì sọ fún mi, ẹ̀yin àgbà, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ ń wá?

ỌmọÌyèrúỌ̀kín, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàbọ̀ sí Ọ̀fà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá Ọ̀fà ẹ ò ké sí wa, ẹ ò jẹ ànàmọ́, ẹ kàn wá wo irin. Ó dáa.

Nípa ti irin méjì, n kò mọ̀ ọ́n. Ìtàn ni mo lè sọ. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Ìddó, létí ọ̀sà l'Ékòó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1908, ó kan àwa àti Ìlọrin. Ní 1909, ó dé Jẹ́bbà. Kí ẹ wá fiyè sí i dáadáa: láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀ wá sókè. Ta ló kọ́kọ́ rí i nínú àwa àti Ìlọrin? Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ajíkobì_Ọmọ_Ìlọrin, 7:55 àárọ̀

Ẹni tó kọ́kọ́ rí àlejò kọ́ ni àlejò sùn sílé rẹ̀ 😂

ỌmọÌyèrúỌ̀kín, 7:58 àárọ̀

Ẹ̀yin tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé yín, kí lẹ fẹ́ fi rélùwéè ṣe tẹ́lẹ̀?

Ajíkobì_Ọmọ_Ìlọrin, 8:01 àárọ̀

Ẹṣin kì í dúró de ṣìgìnáà.

Ìyá_Ìbejì_Òwódé, 9:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ béèrè bó ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ ń wá, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

Mo ta ọjà lẹ́nu rélùwéè Ọ̀fà láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé etí la fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, kì í ṣe ojú. Bí o bá tẹ etí mọ́ irin, wàá gbọ́ tó ń kùn kí ẹnikẹ́ni tó rí èéfín (ìyá mi á gbá mi létí yẹn náà tó bá rí mi). Lẹ́yìn náà ni fèrè á dún láti ẹ̀yìn ìlú. Bí fèrè bá ti dún, gbogbo wa á dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: alánàmọ́, alágbàdo sísè, ẹlẹ́kọ, àwọn Fúlàní oníwàrà pẹ̀lú igbá lórí, àti àwa ọmọdé olómi. Bí ẹ bá gbọ́ "Ọ̀fà ànàmọ́", kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀fà rí láyé wọn mọ ìlú wa, torí wọ́n ti ra ànàmọ́ wa lójú fèrèsé ọkọ̀.

Ọjà ojú fèrèsé kò jọ ọjà mìíràn. O kò láyè láti ná an. Oníbàárà wà lókè, ìwọ wà nísàlẹ̀, o ti na ọwọ́, ó ti na ọwọ́. Bí o bá kọ́kọ́ gbé ọjà fún un, ọkọ̀ lè gbéra kó tó sanwó. Bí òun náà bá kọ́kọ́ sanwó, ọkọ̀ lè gbéra kó tó gba ṣéńjì. Nítorí náà, ọwọ́ méjì la fi ń ṣe é: bí tọ̀tún bá ń fi í fún un, tòsì ti ń gbà á. Mo ti sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ dé òpin pèpéle rí nítorí sísì kan, owó ayé ìgbà yẹn. Ọkùnrin náà jù ú sílẹ̀ fún mi nígbẹ̀yìn. Ó jù ú sínú koríko, mo wá a títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú.

Ọkọ̀ tó bá ń ti òkè Ọya bọ̀, àlùbọ́sà ni á máa rùn. Èyí tó bá ń ti Èkó bọ̀, búrẹ́dì àti ẹja. Mo lè di ojú mi kí n mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Láti ibẹ̀ náà ni àwọn ọkọ wa àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti gba Èkó kọjá lọ sí Gána láti ṣòwò, kí wọ́n tó lé wọn wá sílé ní 1969. Mo rántí àpótí wọn lórí pèpéle yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ibi tí obìnrin yẹn sá èlùbọ́ sí gan-an ni mo máa ń gbé garawa omi mi kalẹ̀.

Àlàbí_GáàÀkànbí, 9:48 àárọ̀

Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Màá ka èyí fún un bó bá ti ilé ìwé dé. Ẹ tún jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyá tó bí ìyá mi kò parọ́ nípa àlùbọ́sà.

AdéÒkukù, 10:15 àárọ̀

Ìlú tiwa náà wà lójú irin, nísàlẹ̀ Ọ̀fà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé òótọ́ ni pé ọba Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ rélùwéè, tó fi ya gba Òṣogbo? Bàbá mi sọ ọ́ fún mi bíi pé ó wà níbẹ̀.

ỌmọÌyèrúỌ̀kín, 10:21 àárọ̀

Gbogbo ìlú tí irin kò gbà ló ní irú ìtàn yẹn. "Àwa la lé e." Kò sí ìlú tó máa ń sọ pé wọn ò wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n_Ìgbómìnà, 10:40 àárọ̀

Ẹnjiníà kì í wo ojú ọba nìkan. Ẹ̀ńjìnnì tó ń fa ẹrù wúwo kò lè gun òkè bí mọ́tò, kò sì lè kọ kọ́nà lójijì. Wọ́n máa ń wá ibi tí ilẹ̀ ti dùn-ún tẹ̀, tí afárá tí wọ́n máa kọ́ kò pọ̀, tí ẹrù sì wà láti kó. Ní ti ọ̀dọ̀ tiwa, ìjà ńlá tún wà láàárín àwọn òyìnbó fúnra wọn: àwọn ti Èkó fẹ́ kí irin tiwọn máa lọ sí òkè, Girouard tó jẹ́ gómìnà Àríwá fẹ́ irin tirẹ̀ láti Bárò létí odò lọ sí Kánò. Wọ́n sì kọ́ ọ, láti 1907 sí 1911. Nígbà tó yá, méjèèjì pàdé ní Mínnà, wọ́n sì sọ wọ́n di ọ̀kan ní 1912. Ṣé ẹ rí i, ọba wa kò sí nínú ìjà yẹn rárá.

Kọ́lá_Táńkẹ̀, 11:05 àárọ̀

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ṣùgbọ́n ẹ fi owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ lọ wo ewúrẹ́. Ọmọ ayé òde òní! Ibi tí kọ̀ǹpútà wà ló yẹ kí ẹ mú un lọ. Sítéṣọ̀n tí ọkọ̀ kì í dé, kí ló yàtọ̀ sí ahoro?

ỌmọGáàdì, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Iṣẹ́ ló dá mi dúró, bẹ́ẹ̀ mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ọwọ́ mi ń yún mi.

Bàbá mi ṣe iṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gáàdì ló kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá sítéṣọ̀n, sítéṣọ̀n kéékèèké bíi márùn-ún la sì ti gbé. Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ọmọ yín ti béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ náà fún ogójì ọdún kò béèrè.

Ní gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa, irin ọ̀nà kan ni. Láti Èkó dé Kánò jẹ́ nǹkan bí 1,126 kìlómítà. Ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń rìn lórí irin kan náà, wọ́n sì kọjú sí ara wọn. Mọ́tò lè yà sínú koríko kí ẹlòmíràn kọjá. Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Níbo ló máa yà sí? Ibi tí irin ti di méjì nìkan ni, ibẹ̀ náà sì ni sítéṣọ̀n. Ọ̀kan á wọlé, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró. Èkejì á wọlé, á kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àkọ́kọ́ á tó gbéra.

Ìyẹn ni pé sítéṣọ̀n Ọ̀fà kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ nìkan. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ méjì ti ń yà fún ara wọn. Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí n parí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé sítéṣọ̀n mẹ́ta wà, ogún ìṣẹ́jú láti ìkínní dé ìkejì, ogún ìṣẹ́jú láti ìkejì dé ìkẹta. Bí ẹ bá ti èyí tó wà láàárín pa pé ìlú ibẹ̀ kéré, àwọn èrò kò pọ̀, ọkọ̀ tó bá fẹ́ kúrò ní ìkínní máa dúró de èyí tó ti kúrò ní ìkẹta, ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Àwọn ará ìlú kékeré nìkan kọ́ ló pàdánù. Ẹni tó wà ní Kánò pàdánù, ẹni tó wà ní Ìddó pàdánù, wọn ò sì ní mọ ìdí tí ọkọ̀ wọn fi pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí sítéṣọ̀n níbi tí kò sí ìlú rárá, inú igbó lásán. A gbé irú ibẹ̀ rí. Ejò pọ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ohun kan tí ó dùn mọ́ mi jù. Báwo ni awakọ̀ á ṣe mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ níwájú òun? Wọn kì í fi fóònù ṣe é. Òrùka ni. Bàbá mi ní àpótí irin pupa kan nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá tó wà ní sítéṣọ̀n tó tẹ̀ lé e ní irú rẹ̀, wáyà ló so méjèèjì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ, bàbá mi á fi agogo béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì: ṣé ojú ọ̀nà ṣófo? Bó bá ṣófo, ẹni yẹn á fi agogo dáhùn, á tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìgbà yẹn ni àpótí ọ̀dọ̀ wa á tó yọ̀ǹda ẹyọ irin kan. Bó bá ti yọ ẹyọ kan, àpótí méjèèjì ti pa ẹnu dé. Kò sí bí o ṣe lè fà á, kò ní yọ òmíràn, àfi bí ẹyọ yẹn bá dé òpin ìrìn rẹ̀ tí wọ́n sì dá a padà sínú àpótí. Ẹyọ irin náà la máa ń fi sínú àpò awọ tó ní òrùka ràgàjì lórí. Bí ọkọ̀ kò bá ní í dúró, bàbá mi á na òrùka náà sókè lórí pèpéle, awakọ̀ á na apá jáde, á fi apá kọ́ ọ bí ọkọ̀ ti ń kọjá. Awakọ̀ tí kò bá ní òrùka lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò, ìbáà jẹ́ gómìnà ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ kan, bàbá mi jẹ́ kí n na òrùka náà sókè. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Apá mi pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sọ fún ìyá mi.

Ajíkobì_Ọmọ_Ìlọrin, 1:31 ọ̀sán

Mo dá ọ̀rọ̀ ẹṣin mi padà.

Kọ́lá_Táńkẹ̀, 1:50 ọ̀sán

Àǹtí, mo gbọ́. Mi ò mọ èyí rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ kò bá sí, kò sí ohun tí wọ́n ń yà fún.

Bọ́sẹ̀_Sáńgo, 2:12 ọ̀sán

Èmi wọ̀ ọ́ ní 2013, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Èkó sí Kánò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2012. Ọ̀fà ni mo ti wọ̀ ọ́, Èkó ni mò ń lọ. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí ni, mi ò kánjú.

Ẹ wò ó, a dé ibì kan tí ó ṣókùnkùn, ọkọ̀ dúró. Wákàtí kan. Wákàtí kan ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wa. Àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣàlùwàlá, wọ́n kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ìyá kan tú ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sílẹ̀, ó pín in fún gbogbo èèyàn tó yí i ká, bí ẹni pé ìkómọ ló wá ṣe. Èmi ni mò ń bínú níbẹ̀. Mo bú ọkọ̀, mo bú awakọ̀, mo bú orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ kan yọ láti iwájú, ọkọ̀ kan tó kó ẹrù gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, fàkàfìkì fàkàfìkì, ó pẹ́ kó tó tán. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi gbéra.

Ọdún yìí ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn la dúró dè. Àǹtí ỌmọGáàdì, ẹ bá mi bẹ àwọn tí mo bú.

ỌmọGáàdì, 2:20 ọ̀sán

Wọ́n ti gbọ́ èyí tó ju tìrẹ lọ 😂

Ọmọ_Òmù_Lókè_Òkun, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Exeter nílùú Ọba ni mo ń gbé. "Èyí tó kéré" tí ọmọ yẹn sọ pa mí lẹ́rìn-ín, torí irú rẹ̀ gan-an ni mo lọ wò lóṣù tó kọjá, létí òkun. Starcross lorúkọ rẹ̀.

Láti Exeter, irin náà ń tọ odò Exe lọ títí odò fi já sókun. Apá òsì ni kí ẹ jókòó sí. Ní Starcross, pèpéle fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí omi. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí ìlú Exmouth lódìkejì. Èèyàn mẹ́ta péré la sọ̀. Ilé olókùúta pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, àṣé ilé ẹ̀rọ ni. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Brunel ló kọ́ ọ. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn láìsí ẹ̀ńjìnnì lórí rẹ̀. Ó tẹ́ páìpù ńlá sáàárín irin, ẹ̀rọ inú ilé yẹn á fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, afẹ́fẹ́ ìta á wá máa ti ọkọ̀ lọ. Awọ ni wọ́n fi bo ojú páìpù, ọ̀rá ni wọ́n fi ń kun awọ náà kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Awọ náà bàjẹ́. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi pa á tì, ní September 1848. Ilé náà ṣì dúró, páìpù kò sí mọ́.

Níwájú díẹ̀ ni Dawlish wà, níbi tí irin wà lórí ògiri létí òkun gan-an, òkè pupa lẹ́yìn, omi níwájú. Bí ìgbì bá dìde, á fọ́n sí ojú fèrèsé yín. Ní February 2014, ìjì gba ògiri náà lọ lóru, irin wá ń fì lókè bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. April ni ọkọ̀ tó tún kọjá. Oṣù méjì yẹn, gbogbo Cornwall tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ kò rí ọkọ̀ ojú irin wọ láti London, nítorí ibì kan tí kò gùn tó ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo.

Irin méjì ló wà ní ọ̀nà yìí o, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Nítorí náà mi ò rí òrùka. Ó dùn mí lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín.

ỌmọÌyèrúỌ̀kín, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Òkun gba irin lọ, wọ́n sì tún un ṣe láàárín oṣù méjì. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ẹ̀gbọ́n_Ìgbómìnà, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Tiwa kò ní òkun, odò Ọya ló bá a jà. Irin ti dé Jẹ́bbà ní 1909, ṣùgbọ́n afárá kò tíì sí. Ọkọ̀ omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá, títí wọ́n fi parí afárá ní 1916. Ẹ fojú inú wo kóòṣì rélùwéè nínú ọkọ̀ omi. Bàbá bàbá mi sọ pé àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní í gun ọkọ̀ tó gun ọkọ̀.

Kọ́lá_Táńkẹ̀, 5:02 ìrọ̀lẹ́

"Ọkọ̀ tó gun ọkọ̀" 😂😂 Ó dáa, mo ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè kan: ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun yẹn, ṣé kò lè kàn máa bọ̀ wá sí Ọ̀fà lórí irin tó wà níbẹ̀?

ỌmọGáàdì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Kò lè rìn lórí rẹ̀. Irin tiwa ti ayé òyìnbó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ló wà láàárín rẹ̀, 1,067 mìlímítà. Ti Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, 1,435 ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tuntun fẹ̀ ju ojú irin wa lọ. Àfi kí wọ́n tẹ́ tuntun wá, tàbí kí ẹ sọ̀ ní Ìbàdàn kí ẹ bọ́ sínú èyí tó kéré.

Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìgbésẹ̀ rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Òwódé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Kọ́lá, ẹ ní ahoro. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kan fún yín kí n lọ dáná. Nígbà tí ọkọ̀ kò wá mọ́ déédéé, àwa obìnrin kò kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. A ṣì ń gbé ànàmọ́ lọ ní aago tí ọkọ̀ máa ń dé, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. A ń tà á fún ara wa. Lẹ́yìn náà ni a kó lọ sí ẹnu títì, níbi tí mọ́tò wà. Mọ́tò ń dúró, wọ́n ń rà á, owó ń wọlé. Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í gbé àlùbọ́sà òkè Ọya wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kí n fi ànàmọ́ mi pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn.

Kọ́lá_Táńkẹ̀, 6:22 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ dárí jì mí.

Àlàbí_GáàÀkànbí, 8:50 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ti sísì inú koríko, ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ti páìpù Brunel, ó ní òun ì bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lo rọ́bà.

Nígbà tí mo dé ibi irin méjì, ó dá mi dúró, ó lọ mú gègé àti ìwé, ó ya irin náà: ọ̀kan, ó pín sí méjì, ó tún padà di ọ̀kan. Ó ya ọkọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ tó dúró, ó ya ọmọbìnrin kan sórí pèpéle pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́. Mo bi í pé ta nìyẹn, ó ní, "Àǹtí tí apá rẹ̀ pọ́n."

Ṣùgbọ́n ó tún ní ìbéèrè, mi ò sì fẹ́ tún sọ ọ̀rọ̀ bàtà méjì fún un. Ó ní: "Bí ọkọ̀ kejì kò bá wá rárá ńkọ́? Ṣé èyí tó dúró á dúró títí?" Àǹtí ỌmọGáàdì, ẹ gbà mí.

ỌmọGáàdì, 9:14 alẹ́

Ẹ sọ fún un pé wọ́n á ṣe agogo sí sítéṣọ̀n iwájú, wọ́n á béèrè ibi tó wà. Bí wọ́n bá sọ pé ó ti bàjẹ́ sẹ́yìn, wọ́n lè gba òrùka fún èyí tó dúró, kó máa lọ pàdé rẹ̀ ní sítéṣọ̀n mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ti wọ àárín ọ̀nà kó tó bàjẹ́, òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí òmíràn. Á dúró ni.

Bàbá mi dúró bẹ́ẹ̀ rí láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ìyá mi se ìrẹsì fún àwọn èrò títí ìrẹsì fi tán nílé.

Àlàbí_GáàÀkànbí, 9:20 alẹ́

Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́, òun fẹ́ lọ fi ìgbésẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìyèrú Ọ̀kín, ẹ sọ fún wọn nílé kí wọ́n se ànàmọ́ sílẹ̀.